Ẹni Tó Ń Ka Ẹ̀kán Omi

Ọkùnrin tí ìtàn yìí dá lé lórí ní orúkọ gidi tí àwọn òbí rẹ̀ sọ ọ́, ṣùgbọ́n níbi iṣẹ́, Ó-ti-parí ni gbogbo wọn ń pè é. Òun náà ló fọwọ́ ara rẹ̀ fa orúkọ náà. Bí ọ̀gá bá béèrè pé iṣẹ́ tí òun gbé fún un láàárọ̀ ńkọ́, "Ó ti parí" ni èsì rẹ̀. Bí wọ́n bá ní kó lọ tún ibì kan wò, á ní ó ti parí látàná. Kò sì purọ́ o. Ọwọ́ rẹ̀ yá, ọpọlọ rẹ̀ pé, ó sì mọ̀ pé òun rí bẹ́ẹ̀, èyí tó burú jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ẹ̀rọ dríìpù ni wọ́n ń ṣe níbi iṣẹ́ wọn, àpótí kékeré kan tí wọ́n ń so mọ́ òpó irin lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì aláìsàn. Òun ló ń díwọ̀n bí omi oògùn ṣe ń kán wọ iṣan, ẹ̀kán mélòó ní ìṣẹ́jú kan, kò gbọdọ̀ pọ̀ jù, kò gbọdọ̀ kéré jù. Bí omi bá ṣèèṣì dúró, ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ ké kí nọ́ọ̀sì lè gbọ́. Àwọn kan ló ń kan àpótí, àwọn kan ló ń to wáyà. Ó-ti-parí ló kọ ètò kọ̀ǹpútà inú rẹ̀, èyí tó ń sọ fún ẹ̀rọ pé ó yá, kán. Ó yá, dúró. Ó yá, ké.

Ẹ̀rọ kan kò lè jáde níbẹ̀ láìjẹ́ pé Àǹtí Àyẹ̀wò fọwọ́ sí i. Obìnrin tó ti lé díẹ̀ ní àádọ́ta ọdún ni, yàrá rẹ̀ wà nísàlẹ̀, tábìlì gígùn kan, ẹ̀rọ mẹ́wàá lórí rẹ̀, korobá mẹ́wàá nílẹ̀ tí omi ń kán sí. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa fìyà jẹ ẹ̀rọ. Á fún ọ̀pá omi pọ̀, á yọ wáyà lójijì, á gbọn ẹ̀rọ jìgìjìgì, á tẹ bọ́tìnì mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà, á wá káwọ́ gbera máa wò ó bóyá yóò ké. Ó-ti-parí máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé bó bá jẹ́ ọmọ ló ń tọ́ báyìí, wọn ì bá ti wá gbé e lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Àǹtí kì í rẹ́rìn-ín. Á ní kó lọ tún ètò rẹ̀ kà.

Ẹnì kẹta tí a gbọ́dọ̀ mọ̀ ni Bàbá Súìṣì, tó ń ṣọ́ ilé ẹrù. Ilé tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀ ti jóná kanlẹ̀ rí nítorí irin gbígbóná kan tí wọ́n fi ń jó wáyà pọ̀, tí ẹnì kan gbàgbé láti pa. Láti ìgbà náà, bí aago márùn-ún ààbọ̀ bá ti lù, Bàbá Súìṣì á mú ọ̀pá rẹ̀, á bẹ̀rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀, yóò pa gbogbo súìṣì tó bá rí. Ó ti pa kọ̀ǹpútà mọ́ ọ̀gá lọ́wọ́ rí. Wọ́n ní bí ènìyàn bá jókòó pẹ́ jù, bàbá náà á bẹ̀rẹ̀ sí í wá ibi tí súìṣì tirẹ̀ wà. Ọdún mẹ́fà gbáko ló fi ṣe é, kò sì sí ọjọ́ kan tó gbàgbé. Gbogbo wọn ń sùn dáadáa nílé wọn, wọ́n sì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Nígbà tó yá, ẹ̀rọ wọn dé ilé ìwòsàn kan tó wà ní òdìkejì ìlú. Ọ̀kan ni wọ́n kọ́kọ́ fún wọ́ọ̀dù àwọn ọmọdé kí wọ́n fi dán an wò. Bí inú wọn bá dùn sí i, wọ́n á gba márùn-ún sí i. Nǹkan ń lọ geere títí di ọjọ́ kẹrin oṣù kan, tí nọ́ọ̀sì àgbà wọ́ọ̀dù náà kọ lẹ́tà sí wọn. Ó ní ẹ̀rọ dákẹ́. Iná rẹ̀ ń tàn, kò sí àmì ewu kankan lójú rẹ̀, ṣùgbọ́n omi kò kán, ẹ̀rọ náà kò sì ké. Ó ní òun pa á, òun tún un tàn, ó sì ń ṣiṣẹ́ padà bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀.

Àǹtí Àyẹ̀wò gbé irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ kalẹ̀, ó fi ojú rẹ̀ rí màbo fún ọjọ́ méjì. Kò rí nǹkan kan. Ó ní òun fẹ́ lọ wo wọ́ọ̀dù náà fúnra òun. Ó-ti-parí ní kí ni wọ́n fẹ́ lọ wò, ṣé ògiri ni àbí fèrèsé? Òun ló jókòó kọ èsì lọ́jọ́ kẹfà, ó sì kọ orúkọ rẹ̀ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ gàdàgbà. Ó ní àwọn ti yẹ ẹ̀rọ náà wò fínnífínní, kò sí àléébù kankan lára rẹ̀, ó ṣeé ṣe kí ọwọ́ ẹni tó ń lò ó ti ṣèèṣì kan bọ́tìnì. Lẹ́tà yẹn ni ilé ìwòsàn gbára lé tí wọ́n fi gba ẹ̀rọ márùn-ún yòókù wọlé lọ́jọ́ kẹjọ. Ogójì mìíràn sì wà nílẹ̀ tí wọ́n ń dì fún àwọn ilé ìwòsàn mìíràn.

Ọjọ́ kìíní oṣù tó tẹ̀ lé e ni lẹ́tà kejì dé. Kò gùn rárá:

"Lọ́jọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n, ní aago mẹ́wàá àárọ̀ kọjá ìṣẹ́jú mẹ́tàlélógójì, ẹ̀rọ yín àkọ́kọ́ tún dákẹ́. Ìṣojú mi ló dákẹ́. Ọwọ́ mi méjèèjì wà lórí ìrọ̀rí ọmọ. Mo ka ẹ̀kán omi fún odidi ìṣẹ́jú kan. Òdo ni."

Ó-ti-parí ka lẹ́tà náà nígbà mẹ́rin níbi iṣẹ́, ó sì mú un lọ sílé. Ìyàwó rẹ̀ jẹ́ tíṣà, kò sì sí ìwé tó bọ́ sí i lọ́wọ́ tí kò ní kà. Ó ka ti nọ́ọ̀sì, ó sì ka ẹ̀dà èsì ọkọ rẹ̀ tí wọ́n so mọ́ ọn lẹ́yìn. Ọmọbìnrin wọn tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́fà ń fi ṣíbí lu àwo lórí tábìlì, kò sí ẹni tó dá a lẹ́kun.

"Ṣé ìwọ lo kọ eléyìí?" ni ìyàwó rẹ̀ béèrè.

Ó ní òun ni. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé pé bí wọ́n ṣe máa ń kọ lẹ́tà ilé iṣẹ́ nìyẹn, pé kì í ṣe pé òun bú ẹnikẹ́ni. Ìyàwó rẹ̀ dá lẹ́tà náà padà sínú àpò rẹ̀, ó ní, "Obìnrin yìí ń tọ́jú ọmọ ọlọ́mọ lọ́wọ́, ó sì tún ń bá ẹ ṣiṣẹ́ ẹ. Lọ rí i lọ́la." Lẹ́yìn náà ló gba ṣíbí lọ́wọ́ ọmọ.

Bẹ́ẹ̀ ni Ó-ti-parí ṣe dé wọ́ọ̀dù àwọn ọmọdé lọ́jọ́ kejì oṣù, bí aago mọ́kànlá ti kọjá díẹ̀. Yàrá gígùn ni, bẹ́ẹ̀dì mẹ́jọ, wọ́n ya ẹyẹ aláwọ̀ yẹ́lò sí ara ògiri, òórùn oògùn apakòkòrò sì gbòde. Nọ́ọ̀sì àgbà kò ga, ó sanra díẹ̀, ó so aago kékeré kan mọ́ àyà aṣọ rẹ̀ pẹ̀lú pínnì, Ìyá Aláago sì ni àwọn ọmọ inú wọ́ọ̀dù ń pè é. Nígbà tí Ó-ti-parí wọlé, obìnrin náà dúró ti bẹ́ẹ̀dì kan, ó di aago náà mú, ojú rẹ̀ wà lára ike tí omi ń kán sí, ètè rẹ̀ ń mì. Kò kí i. Ó kà á títí ìṣẹ́jú fi pé, ó kọ iye rẹ̀ sínú ìwé àkọsílẹ̀ kan tí etí rẹ̀ ti ká kò, kó tó yíjú sí i.

Ó-ti-parí kí i dáadáa, ó ní ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ẹ̀rọ ló rán òun wá. Kò sọ pé òun ni òun kọ èsì.

Ẹ̀rọ àkọ́kọ́, èyí tó dákẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, wà ní igun yàrá, ìyá náà ti kọjú rẹ̀ sí ògiri bí akẹ́kọ̀ọ́ tó ṣẹ̀. Wọ́n ti so mẹ́rin nínú márùn-ún yòókù mọ́ ọmọ mẹ́rin, ìkarùn-ún wà lófo ṣùgbọ́n iná rẹ̀ ń tàn. Ó-ti-parí béèrè bí wọ́n ṣe ń lò wọ́n. Ìyá Aláago ní kí ni wọ́n tún fẹ́ ṣe ju pé kí wọ́n lò wọ́n lọ. Ọmọ kan á yá, á lọ sílé, wọ́n á nu ẹ̀rọ, wọ́n á so ó mọ́ ọmọ mìíràn. Bí wọ́n bá tilẹ̀ ń gbé e kiri, bátìrì wà nínú rẹ̀.

Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kó lè wo ẹ̀yìn èyí tó ṣófo. Pílásítà funfun, èyí tí wọ́n fi ń di egbò, ni wọ́n fi lẹ súìṣì rẹ̀ pa. Ó wo ti ìkejì: pílásítà. Ti ìkẹta náà: pílásítà, wọ́n sì fi bírò kọ "Má pa á" sí i. Ó béèrè ìdí rẹ̀. Ìyá náà ní àwọn tó ń gbálẹ̀ máa ń fi ìgbálẹ̀ kan súìṣì, ni òun ṣe lẹ gbogbo rẹ̀ pa lọ́jọ́ tí wọ́n dé.

"Ìgbà wo lẹ pa wọ́n gbẹ̀yìn, mà?"

"Pa kẹ̀? A ò pa wọ́n rí. Ìgbà méjì tí èyí àkọ́kọ́ dákẹ́ yẹn nìkan ni mo pa á."

Ó-ti-parí ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀ nígbà tí Bàbá Súìṣì wọ inú ọkàn rẹ̀ tòun ti ọ̀pá. Aago márùn-ún ààbọ̀, lójoojúmọ́, ọdún mẹ́fà. Gbogbo ìyà tí Àǹtí Àyẹ̀wò fi ń jẹ ẹ̀rọ, láàárín àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́ ni. Kò sí ẹ̀rọ kan tó sùn mọ́jú níbi iṣẹ́ wọn rí. Gbogbo wọn ni wọ́n ń kú ní ìrọ̀lẹ́, tí wọ́n sì ń di ọmọ tuntun láàárọ̀. Kò sí ẹnì kan nínú wọn tó tíì rí ẹ̀rọ tó dàgbà.

Ó ní kí ìyá náà jọ̀wọ́ jẹ́ kí òun rí ìwé àkọsílẹ̀ yẹn. Ohun gbogbo ló wà níbẹ̀, ọjọ́, wákàtí, ìṣẹ́jú. Ọjọ́ kẹrin, ìyá náà tún ẹ̀rọ àkọ́kọ́ tàn ní aago méjì ọ̀sán kọjá ìṣẹ́jú méjìlá. Ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n, ẹ̀rọ dákẹ́ ní aago mẹ́wàá àárọ̀ kọjá ìṣẹ́jú mẹ́tàlélógójì. Ó yọ bírò, ó ṣírò rẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Ọjọ́ mẹ́rìnlélógún, wákàtí ogún, ìṣẹ́jú mọ́kànlélọ́gbọ̀n.

Kò sí ẹni tó ń kọ irú ètò yìí tí kò mọ iye yẹn. Aago kan wà nínú ètò náà tó máa ń bẹ̀rẹ̀ láti òdo bí wọ́n bá ti tan ẹ̀rọ. Ìṣẹ́jú àáyá kan, á gé e sí ọ̀nà ẹgbẹ̀rún, á sì máa kà á lọ́kọ̀ọ̀kan. Ibi tí Ó-ti-parí fún un láti kọ iye náà sí kò lè gbà ju bílíọ̀nù méjì àti díẹ̀ lọ. Bí ibẹ̀ bá kún, iye náà kì í dúró, ńṣe ló máa ń já bọ́ sí abẹ́ òdo. Ẹ̀rọ tó fẹ́ kán omi á wá wo aago, á rí i pé àsìkò kò tíì tó, á sì dúró kó tó, bẹ́ẹ̀ àsìkò náà ku bí àádọ́ta ọjọ́. Apá ètò tó yẹ kó ké, aago kan náà lòun náà ń wò. Lọ́jọ́ tó kọ ọ́, ó rántí pé ó bi ara rẹ̀ léèrè pé ta ló máa tan ẹ̀rọ sílẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́rìnlélógún? Ó rẹ́rìn-ín sí i, ó sì ní ó ti parí.

Ẹ̀rù wá bà á lọ́tọ̀. Ó ṣí ìwé náà sí ọjọ́ kẹjọ. Ìyá Aláago ti kọ ọ́ síbẹ̀: wọ́n tan ẹ̀rọ kìíní nínú márùn-ún náà ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ géé, èyí tó gbẹ̀yìn, tó ṣófo yẹn, ní aago mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Oṣù tó kọjá ní ọjọ́ mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Ó ṣírò rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó tún un ṣírò. Òní ni. Aago méjìlá kọjá ìṣẹ́jú mọ́kànlélọ́gbọ̀n, gbogbo wọn á bẹ̀rẹ̀ sí í dákẹ́ tẹ̀ léra wọn. Aago ara ògiri ń lọ sí méjìlá ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún.

Ó sọ ọ́ fún ìyá náà bó ṣe rí, láìfi bò. Obìnrin náà kò figbe ta. Ó pe nọ́ọ̀sì kejì, ó ní kí ó wá di ọ̀pá omi mú, wọ́n á ṣe wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti orí ọmọ tó kéré jù. Wọ́n dí ọ̀pá, Ó-ti-parí fi èékánná ya pílásítà, ó pa ẹ̀rọ, ó ka ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá, ó tún un tàn. Ìyá Aláago tẹ iye ẹ̀kán sí i, wọ́n ṣí ọ̀pá, ó kà á fún ìṣẹ́jú kan. Ó pé. Wọ́n sún sí èkejì.

Nídìí ọmọ kẹta, ìyá ọmọ náà jókòó síbẹ̀, ọmọ ń sùn. Ọmọ yẹn ni ìrọ̀rí rẹ̀ wà lábẹ́ ọwọ́ Ìyá Aláago lọ́jọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n. Ìyá ọmọ náà béèrè lọ́wọ́ Ó-ti-parí bóyá òun ni ẹnjiníà tó ń ṣe àwọn ẹ̀rọ yìí. Ó ní òun wà lára wọn. Obìnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í dúpẹ́. Ó ní ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀rọ yìí ló gba ọmọ òun là, Ọlọ́run á dá ọmọ tiyín náà sí, ojú yín kò ní ríbi. Ó-ti-parí kò mọ ibi tó máa fi ojú sí. Ó tọ́ka sí Ìyá Aláago, ó ní, "Àwọn ni kí ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, mà," ó sì yára tẹ súìṣì.

Wọ́n ṣe ìkẹrin tán ní aago méjìlá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́tàlélógún. Ó ku èyí tó ṣófo. Ìyá Aláago na ọwọ́ sí súìṣì rẹ̀. Ó-ti-parí bẹ̀ ẹ́ pé kó fi í sílẹ̀. Wọ́n gbé àpò omi lásán kọ́ ọ, wọ́n ti ẹnu ọ̀pá rẹ̀ bọ korobá, wọ́n ní kó máa kán ogún ní ìṣẹ́jú kan. Àwọn mẹ́ta dúró yí i ká, wọ́n ń wò ó. Ó-ti-parí fẹ́ kó dákẹ́ kí ọ̀rọ̀ lè yanjú, ó sì tún ń gbàdúrà pé kó má dákẹ́, kó lè jẹ́ pé òun kò ṣe irú nǹkan báyìí sí ọmọ ẹnikẹ́ni. Àdúrà méjèèjì ló ń gbà pọ̀.

Ní aago méjìlá kọjá ìṣẹ́jú mọ́kànlélógójì, ẹ̀kán omi kan kó ara rẹ̀ jọ ní ẹnu ike, ó já bọ́. Òmíràn kò tẹ̀ lé e. Iná ẹ̀rọ ṣì ń tàn, kò ké, kò sì sọ pé nǹkan ṣe òun. Wọ́n dúró fún odidi ìṣẹ́jú kan tí Ìyá Aláago fi ń wo aago àyà rẹ̀. Ó kọ ọ́ sínú ìwé: òdo.

Ó-ti-parí jókòó sórí àga àwọn àlejò. Omijé ń bọ́ lójú rẹ̀, kò sì nù ún. Ó wo ọmọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lọ́kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan ń sùn, ọ̀kan ń jẹ bísíkíìtì, méjì ń bínú sí ara wọn nítorí ọkọ̀ ìṣeré. Ọkàn rẹ̀ kún fún ọpẹ́ débi pé àyà ń dùn ún.

"Mà," ló sọ, "èmi ni mo kọ lẹ́tà yẹn. Èmi náà ni mo kọ ètò inú ẹ̀rọ náà. Ọwọ́ yín kò ṣèèṣì kan nǹkan kan. Ọwọ́ mi ló ṣe é."

"Mo ti mọ̀ látìgbà tí o ti wọlé," ni Ìyá Aláago wí. "Orúkọ tó wà nísàlẹ̀ lẹ́tà náà ló wà lára káàdì tó o fi kọ́ ọrùn."

Ó-ti-parí wo àyà rẹ̀. Orúkọ rẹ̀ wà níbẹ̀ gàdàgbà, ó ti gbàgbé láti yọ ọ́. Nọ́ọ̀sì kejì bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín sì mú òun náà nínú ẹkún. Ìyá Aláago ní kó nu ojú rẹ̀, kò sí ẹni tí kò lè ṣe àṣìṣe, ṣùgbọ́n kó má tún kọ irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ sí nọ́ọ̀sì mọ́ láyé rẹ̀. Ó ní òun gbọ́. Ó bẹ̀ ẹ́ kí òun ya àwòrán ìwé àkọsílẹ̀ náà, ìyá náà sì gbà fún un.

Láti ẹnu ọ̀nà wọ́ọ̀dù ló ti pe Àǹtí Àyẹ̀wò lórí fóònù, ó ní kí wọ́n má jẹ́ kí ọ̀kankan nínú ogójì ẹ̀rọ náà jáde. Àǹtí kò bi í ní ìdí. Ó kàn béèrè bóyá ó rí i. Ó ní òun rí i. Àǹtí mí kanlẹ̀ nínú fóònù, ó ní a dúpẹ́.

Ọjọ́ mẹ́rin ni Ó-ti-parí fi tún ètò náà kọ. Ó fún aago náà ní àyè tí kò ní kún láyé àwọn ọmọ ọmọ rẹ̀. Ó ya èyí tó ń ké sọ́tọ̀, ó fún òun náà ní aago tirẹ̀, kí ọ̀kan lè pariwo bí èkejì bá sùn. Títí ètò tuntun fi máa dé, ó kọ lẹ́tà sí Ìyá Aláago, èyí tó ní "ẹ jọ̀wọ́" àti "ẹ ṣeun" nínú, pé kí wọ́n máa pa ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n sì máa tún un tàn lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, nígbà tí kò bá sí lára ọmọ.

Nígbà tó gbé ètò tuntun náà fún Àǹtí Àyẹ̀wò, ó ṣàlàyé pé àwọn lè ti aago rẹ̀ síwájú, kó bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó ku ìṣẹ́jú méjì kó dé ibi tí ti àtijọ́ ti ń kún, kí wọ́n rí èsì kíá. Àǹtí ṣe bẹ́ẹ̀, ó sì rí i pé ó dára. Lẹ́yìn náà ló ní òun tún fẹ́ rí odidi ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Nígbà kan, Ó-ti-parí ì bá ti jà. Lọ́tẹ̀ yìí, ó lọ ra pílásítà.

Ọ̀rọ̀ wá ku ti Bàbá Súìṣì. Wọ́n kó ẹjọ́ lọ bá a, àwọn méjèèjì, wọ́n sọ bí ọ̀rọ̀ ṣe jẹ́. Ojú bàbá náà kọ́rẹ́ lọ́wọ́, ó ní ṣé òun ni òun fẹ́ pa àwọn ọmọ yẹn ni? Àǹtí di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó ní rárá o, bàbá, iṣẹ́ yín lẹ ṣe, àwa la ò ronú kan iṣẹ́ tiwa. Wọ́n bẹ̀ ẹ́ pé kó bá wọn dá ẹ̀rọ mẹ́wàá sí. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó pa gbogbo súìṣì ilé, ó dé iwájú tábìlì Àǹtí, ó na ọ̀pá sí ẹ̀rọ mẹ́wẹ̀ẹ̀wá, ó ní, "Ẹ̀yin, ẹ kú ìṣọ́." Ó sì fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà kan sára ògiri. Bó ṣe ń ṣe é lójoojúmọ́ nìyẹn, tó tún gbé korobá iyanrìn méjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn nítorí iná.

Nígbà tí ìlà di mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, gbogbo ilé iṣẹ́ ló sọ̀ kalẹ̀ wá sí yàrá àyẹ̀wò. Ọ̀gá náà wà níbẹ̀. Wákàtí tí wọ́n ń bẹ̀rù dé, ó sì kọjá. Ẹ̀rọ mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ń kán to, to, to sínú korobá wọn. Bàbá Súìṣì ló kọ́kọ́ pàtẹ́wọ́. Gbogbo wọn wá yíjú sí Ó-ti-parí, wọ́n ń retí gbólóhùn rẹ̀. Ó ní kí Àǹtí jọ̀wọ́ jẹ́ kó lò tó ọgọ́ta ọjọ́. Àǹtí Àyẹ̀wò rẹ́rìn-ín, wọ́n sì ń sọ̀rọ̀ ẹ̀rín náà níbi iṣẹ́ títí di òní.

Bí ọgọ́ta ọjọ́ ṣe pé, òun fúnra rẹ̀ ló gbé ẹ̀rọ mẹ́fà tuntun lọ sí wọ́ọ̀dù àwọn ọmọdé. Àwọn ọmọ ọjọ́sí ti lọ sílé gbogbo wọn. Ìyá Aláago so ẹ̀rọ tuntun mọ́ ọmọbìnrin kan tí kò ju ọmọ Ó-ti-parí lọ, ó tẹ iye ẹ̀kán sí i, ó sì gbá aago àyà rẹ̀ mú. Ètè rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mì.

Nọ́ọ̀sì kejì fi í ṣe ẹ̀fẹ̀, ó ní ìyá, ẹnjiníà ti tún un ṣe, wọ́n ti ṣọ́ ọ fún oṣù méjì, kí lẹ tún ń kà? Ìyá Aláago kò dá a lóhùn títí ìṣẹ́jú fi pé. Ó kọ ogún sínú ìwé, ó wá wo Ó-ti-parí. Ó ní, "Ṣé kí n dẹ́kun ni?"

"Ẹ má dẹ́kun o, mà," ni Ó-ti-parí wí. "Mo bẹ̀ yín. Bí èmi bá tún wá sọ fún yín pé kò séwu, ẹ ṣáà máa kà á. Ọjọ́ tí ẹ ò gba ọ̀rọ̀ mi gbọ́ yẹn lẹ gbà mí là. Ọmọ mẹ́rin lẹ gbà, èmi ni ìkarùn-ún. N kò tíì rí ọ̀nà tí mo lè gbà dúpẹ́."

Ìyá Aláago tú pínnì àyà rẹ̀, ó fi aago náà lé e lọ́wọ́, ó sì ṣí ìwé àkọsílẹ̀ sílẹ̀ lórí ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì. Ó ní, "Ọmọ mi, ìdajì wákàtí ìdajì wákàtí la máa ń kà á. Wá fi ojú ara rẹ ka ọ̀kan."

Aago náà lọ́ wọ́ọ́rọ́ látara obìnrin náà. Ó-ti-parí bẹ̀rẹ̀ mọ́ ike, ó ń kà sínú. Ọmọbìnrin orí bẹ́ẹ̀dì la ojú, ó rí i tó ń ka nǹkan, òun náà bá a bẹ̀rẹ̀ sí í kà sókè, ó fo mẹ́rìnlá, Ó-ti-parí sì ní láti fara balẹ̀ kí iye tirẹ̀ má bàa dàrú. Nígbà tí ìṣẹ́jú pé, ogún ni. Ó kọ ọ́ sínú ìwé pẹ̀lú ọwọ́ ara rẹ̀, lábẹ́ ti Ìyá Aláago.

"Ó ti parí?" ni ìyá náà béèrè, kò sì mọ̀ pé orúkọ tí wọ́n ń pè é níbi iṣẹ́ nìyẹn.

"Rárá, mà," ló dáhùn. "Ó ku ti ọgbọ̀n ìṣẹ́jú sí i." Ó fa àga àwọn àlejò sún mọ́ bẹ́ẹ̀dì, ó sì jókòó.